Kọ́ńgò Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Alẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Èmi ni mo ń ka ìròyìn aago mẹ́wàá lórí rédíò. Ìlà kẹta níbẹ̀ rèé, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì: "Àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, ti kéde pé àìríṣẹ́ṣe ti wálẹ̀ sí 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún." Mo kà á tán, mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àgbàrá òjò. N ò tíì jáde ní sítúdíò tí fóònù mi ti ń gbọ̀n nínú àpò. Màámi ni. Wọn kì í pè mí lóru àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ka ìròyìn yẹn ni, àbí ẹlòmíì tí ohùn ẹ̀ jọ tìẹ?"

"Èmi ni, Mà."

"Ẹ ní èèyàn mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ò níṣẹ́?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ mími wọn. "Kọ́ńgò ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

Gàrí ni Màámi ń tà lọ́jà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọ tó bá dàgbà nídìí àpò gàrí mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo iye owó, kọ́ńgò là á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kọ́ńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tí wọ́n gé lẹ́nu. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan kọ́ńgò rárá, bó ṣe ń fọwọ́ gbá a lójú ló mọ̀ ọ́n ṣe. Owó gàrí lè wà lójú kan fún oṣù mẹ́fà kí ẹ̀bà ó máa kéré sí i nínú abọ́.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ka ìwé tí àjọ náà gbé jáde kí n tó rí ẹnu dá wọn lóhùn.

Kọ́ńgò yìí, wọ́n ti yí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní 2011, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 40 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí, 23.9 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni wọ́n kéde lọ́dún náà. Ní 2015, wọ́n gbé e wá sí 20 wákàtí. Ẹni tó bá ṣe 20 sí 39, wọn ò pè é ní aláìríṣẹ́ mọ́, wọ́n kà á mọ́ àwọn tíṣẹ́ ò kún ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi kọ́ńgò tuntun yẹn wọn ìparí 2014, 6.4 ló jáde. Òun ni wọ́n ń lò bọ̀ títí di ìparí 2020, nígbà tó gun òkè dé 33.3, ìyẹn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 23. Ti àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 15 sí 34 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 42.5 ni. Oṣù Kẹta 2021 ni ìwé yẹn jáde. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa lọ́lọ́ fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Ìgbà tí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ padà ní 2023, wọ́n ní 5.3 ni ìparí 2022, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023 sì jẹ́ 4.1.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà: wálẹ̀. Láti 5.3 sí 4.1, òótọ́ ni, ó wálẹ̀. Àmọ́ n ò sọ ibi tó ti ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ 5.3 rí nínú àwọn tó ń gbọ́ mi. 33.3 ló wà lórí wọn. Òun ni wọ́n so 4.1 mọ́, tó fi dà bíi pé ẹnì kan jí lóru ọjọ́ kan, ó wá pín iṣẹ́ fún ogún mílíọ̀nù èèyàn.

Kọ́ńgò 2023, ti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Bí o bá ti fi wákàtí kan péré, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣe ohun tó ń mówó tàbí èrè wọlé, o ti níṣẹ́. Kí wọ́n tó pè ọ́ ní aláìríṣẹ́, àfi kó o má rí wákàtí kan yẹn ṣe, kó o ti wá iṣẹ́ kiri láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó o sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá pè ọ́. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tí kò sì wá a, ó ti bọ́ sẹ́yìn agbo. Wọn ò kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́, wọn ò kà á mọ́ àwọn tí ò ní.

Wákàtí kan! Èmi náà kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó nídìí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún, èyí tí wọ́n ń pè ní GDP, àkàrà tí wọ́n fi wákàtí kan dín wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ka àkàrà, dandan ni kí wọ́n ka ẹni tó dín in, kí ìwé ìṣirò méjèèjì lè bára mu. Ohun tí wọ́n fi kọ́ńgò yìí wọ̀n ni pé ọwọ́ mélòó ló kan iṣẹ́. Wọn ò fi wọ̀n ọ́n bóyá ẹni tó ni ọwọ́ yó.

Kó lè yé mi dáadáa, mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé wa. Ilé bàbá bàbá mi ni, tẹbí tayálégbé ló kún ibẹ̀. Mo mú àwọn mẹ́jọ tí mo mọ bí ọ̀sẹ̀ wọn ṣe ń lọ.

Ti Màámi ò ní wàhálà. Àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Kọ́ńgò yòówù kí ẹ lò, wọ́n níṣẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin gba HND nínú ìṣirò owó. Ọ̀kadà ló ń gùn. Ọ̀kadà ọ̀hún, ẹlòmíì ló ni ín, àárọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún un, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ní ti kọ́ńgò 2015, aláìríṣẹ́ pọ́ńbélé ni. Ní ti tuntun, ó níṣẹ́.

Bọ̀dá Táílọ̀ tó wà ní yàrá iwájú, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ìjókòó pọ̀ ju ìránṣọ lọ. Iná ò dúró, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọn ò tan jẹnẹrétọ̀ àfi tí oníbàárà bá dúró tì wọ́n lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní wákàtí 25. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ò kún ọwọ́ wọn. Ní báyìí, wọ́n níṣẹ́.

Ìyá Ìbejì ń dín àkàrà láàárọ̀ kùtù, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà. Wákàtí 18. Àkàrà yẹn ló ń bọ́ ọmọ mẹ́rin, òun ló ń sanwó ilé, ó sì ń wá nǹkan mìíràn tó máa fi kún un. Lójú kọ́ńgò 2015, aláìríṣẹ́ ni. Ẹ padà kà á. Obìnrin tó ti jí láti aago mẹ́rin, tó ti ta agbada àkàrà kan tán kí èmi tó fọ ẹnu, aláìríṣẹ́! Ibí yìí lojú ti kọ́kọ́ tì mí. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé 33.3 kiri bí ìdájọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kọ́ńgò. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ìbínú mi mu, mo bá gbà á.

Ọmọ Ìyá Ìbejì tó dàgbà jù, ẹni ọdún 17, ń retí JAMB. Òun ló ń lọ ẹ̀wà, òun ló ń wé àkàrà fún oníbàárà, kò gba kọ́bọ̀. Kò wáṣẹ́, nítorí náà kò sí nínú agbo láyé àtijọ́. Lójú tuntun, òwò ni àkàrà, ọmọ náà lọ́wọ́ sí òwò ilé wọn ju wákàtí kan lọ, ó ti níṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi, ẹni ọdún 62, ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wa. Oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Jíjẹ ni ilé ń jẹ ẹ́, díẹ̀ ni wọ́n ń tà. Kọ́ńgò àtijọ́ ka oko wọn mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí àwọn oníṣirò àgbáyé fọwọ́ sí lábẹ́ ILO ní 2013 sọ pé oko tó jẹ́ pé jíjẹ ló pọ̀ níbẹ̀ ju títà lọ, lóòótọ́ ó jẹ́ làálàá, àmọ́ kò sí lára iṣẹ́ tí a ó fi ka èèyàn mọ́ àwọn tó níṣẹ́. N ò lè wí i lójú wọn. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí báńkì kan ní Èkó dá dúró. Ó wá iṣẹ́ títí ó fi sú u, ó padà sílé, ayò ló ń ta lábẹ́ igi báyìí. Kò wáṣẹ́ mọ́. Kọ́ńgò méjèèjì ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹni ìkẹjọ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó parí NYSC ní oṣù Kẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kánádà ń fowó ránṣẹ́, èyí ló jẹ́ kó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, kó máa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Òun nìkan ni aláìríṣẹ́ lójú kọ́ńgò 2023. Òun náà sì ni ẹran pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Kọ́ńgò 2015: èèyàn mẹ́fà ló wà nínú agbo, mẹ́ta jẹ́ aláìríṣẹ́. Kọ́ńgò 2023: èèyàn mẹ́fà náà ló wà nínú agbo (àmọ́ kì í ṣe mẹ́fà àkọ́kọ́, bàbá olóko jáde, ọmọ tó ń retí JAMB wọlé), ẹnì kan ṣoṣo ni aláìríṣẹ́. Ilé kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó purọ́, náírà kan ò wọlé ní àfikún.

Ọ̀rọ̀ tiwa fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Ẹ rò ó wò, kí ọmọbìnrin kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà, kó bi àbúrò mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Mo mọ èsì rẹ̀: "Iṣẹ́ bíi ti báwo? Mi ò níṣẹ́ o. Mo kàn ń gun ọ̀kadà, mo fi ń gbọ́ bùkátà ni." Bó bá bi Màámi, wọ́n á ní ọjà làwọn ń tà. Lẹ́nu wa, tí a bá dárúkọ iṣẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, iṣẹ́ oṣù ni. Ìyókù ní orúkọ tirẹ̀: òwò, oko, iṣẹ́ ọwọ́, kíkó ọwọ́ bọ nǹkan. Ìdí nìyí tí olùbéèrè tó mọṣẹ́ kì í fi dúró síbi ìbéèrè àkọ́kọ́. Á tún bi ọ́ pé ṣé o tajà, ṣé o gbé èrò, ṣé o bá ará ilé rẹ dúró ní ṣọ́ọ̀bù, kódà fún wákàtí kan.

Bẹ́ẹ̀ ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí mo fi túmọ̀ ìròyìn náà gbọ́n jù mí lọ. Àìríṣẹ́ṣe. "Rí" wà láàárín rẹ̀. Ẹni tí kò wá nǹkan, a kì í sọ pé kò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ayò, a lè ní kò níṣẹ́, àmọ́ a ò lè ní kò rí i, nítorí kò wá a mọ́. Ibi tí àwọn ILO gba òfin dé, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jókòó síbẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta kan náà tí tiwa jẹ́ 4.1, ti Gúúsù Áfíríkà jẹ́ 32.9, wákàtí kan náà ni wọ́n sì ń lò. Ní Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá, kì í sábà pé 3. Kò sẹ́ni tó máa torí ìyẹn sọ pé Kútọnu rọrùn ju Johannesburg lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ń san owó oṣooṣù fún àgbàlagbà àti fún ìtọ́jú ọmọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí àtẹ kékeré ojú ọ̀nà bíi tiwa. Ilé lè gba ẹnì kan mọ́ra tó ń wáṣẹ́. Níbí, ẹni tó bá ní òun ń wáṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, kí ló máa jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Á tètè ra omi inú ọ̀rá, á gbé e lé orí.

Ti ìpínlẹ̀ tún le ju ti orílẹ̀-èdè lọ. Nínú ìwé ìparí 2020 yẹn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa ló kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà: 11.7. Ímò ló pọ̀ jù, 56.6. Mo rántí pé àwọn kan fi 11.7 yẹn yangàn. Mo bi ara mi léèrè nígbà náà pé, àwọn wo ló kù nílé kí wọ́n tó wá kà wá? Ọmọ Òṣogbo tó wáṣẹ́ títí tó fi wọ mọ́tò lọ sí Ọjọ́ta, Èkó ni wọ́n á ti kà á, tó bá rí iṣẹ́ tàbí kò rí. Ó ti gbé àìríṣẹ́ṣe tirẹ̀ dání lọ. Ìpínlẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń ṣí kúrò lè dára lójú ìwé bó ṣe ń ṣófo.

Àwọn ilé tí wọ́n ń mú láti ṣojú fún ìpínlẹ̀ kan kò pọ̀ bíi ti gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà iye rẹ̀ máa ń fò sókè sódò. Èkó jẹ́ 19.5 ní àárín 2020, ó di 37.1 kí ọdún tó parí. Kòrónà wà níbẹ̀, ìwọ́de EndSARS àti ohun tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀. Síbẹ̀ n ò lè fi gbogbo ọkàn gbé e pé bí ìgboro Èkó ṣe yí nìyẹn ní oṣù mẹ́fà.

Ohun mìíràn tún wà tí iye yẹn kì í rí. Ní 2011, ìjọba Ọ̀ṣun kó 20,000 ọ̀dọ́ sínú OYES, ètò ìrónilágbára fún àwọn ọ̀dọ́, 10,000 náírà lóṣù. Ní 2015, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀dọ́ OYES tó gbá títì tó wákàtí tí wọ́n ń bèèrè, ó níṣẹ́. Olùkọ́ tó gba ìdajì, ó níṣẹ́ odindi. Kò sí kọ́ńgò kan nínú àwọn tí mo dárúkọ tó ń béèrè owó.

Bàbá wa ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn ò kọ lẹ́tà kankan, ẹnu géètì làwọn dúró sí lárọ̀ ọjọ́ kan ní 1974, wọ́n yàn wọ́n wọlé. Ọdún kejì ni owó Údójì, àfikún owó oṣù, dé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà ò sì ráyè sinmi títí wọ́n fi fi kún owó. Gbohùngbohùn tó wà ní pálọ̀ wa, owó ìgbà yẹn ni. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun èlò tí wọ́n ń kó wọlé di ọ̀wọ́n, ní 1988 wọ́n ní kí bàbá wa máa lọ. Wọ́n fi owó tí wọ́n fún wọn ra ẹ̀rọ ìlọta. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, "Mo ti fẹ̀yìn tì" ni wọ́n ń wí, pẹ̀lú ata lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn tó gùn yẹn ni mo fẹ́ rí nínú ìwé ìṣirò, n kì í sì í rí i nínú 4.1. Mo ti wá mọ ibi tí mo lè wá a sí. Nínú ìwé 2023 kan náà, lẹ́yìn ojú ìwé tí àwa oníròyìn máa ń dúró sí, wọ́n kọ ọ́ pé nínú gbogbo àwọn tó níṣẹ́, 11.8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹlòmíì. 75.4 ń dá ṣe tiwọn. 92.6 ló wà níbi tí kò ti sí ìwé, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìsinmi àìsàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ń ṣe ohun tí kò tó 40 wákàtí lọ́sẹ̀. Ilé wa nìyẹn! Mo rí gbogbo wa níbẹ̀, láti orí Bọ̀dá Táílọ̀ dé orí ìyá alákàrà.

Àní níbẹ̀ náà, ojú kọ́ńgò ni kí ẹ máa wò. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń dá ṣe tiwọn fò láti 75.4 sí 88.0. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé òwò ti búrẹ́kẹ. Mo wá ro àwọn iye náà pọ̀. Tẹ́lẹ̀, 75.4 àti 11.8 jẹ́ 87.2, 12.8 kù sẹ́yìn, àwọn bíi ọmọ alákàrà tó ń ran ará ilé lọ́wọ́ àti ọmọ iṣẹ́. Nígbà kejì, 88.0 àti 12.0 jẹ́ 100 géérégé, kò sẹ́nì kankan tó kù sẹ́yìn. Wọ́n ti da àwọn ọmọ yẹn mọ́ àpò kan. Kò sí òwò tó búrẹ́kẹ níbì kankan. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè fọkàn tán ìlà tó gùn ni ibi tí wọ́n bá fi kọ́ńgò kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi 6.4 ti 2014 tó di 33.3 ní 2020. Ohun yòówù kí kọ́ńgò yẹn jẹ́, òun náà ni wọ́n ń lò, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wú ní ìlọ́po márùn-ún láàárín ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú bí owó epo rọ̀bì ṣe já àti bí kòrónà ṣe dé. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju 4.1 àti 33.3 pa pọ̀ lọ.

Nígbà tí ìwé mìíràn jáde ní oṣù Kọkànlá 2024, tó ní àárín ọdún náà jẹ́ 4.3, mo kọ ìròyìn tèmi ní ìlà márùn-ún. Olóòtú wa ní ó gùn jù, ìpolówó ń dúró. A fà á títí, ìlà méjì ló ṣẹ́kù: "Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá a, bíi mẹ́rin ni kò rí wákàtí kan ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣiṣẹ́, bíi 86 ló ń dá ṣe tiwọn."

Màámi tún pè. "O sọ kọ́ńgò rẹ̀ lónìí."

"Mo gbìyànjú, Mà."

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn wo ni wọ́n kà á sí?"

"Àwọn tó níṣẹ́, Mà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe yí ẹnu kúrò lórí fóònù, tí wọ́n pè é láti ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sọ fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí ohùn rẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti òkèèrè: "Ẹ bá mi bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń sanwó!"